Àwọn Fáìlì Alágídí àti Ìtàn Wọn

Kò sí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ tí kò tí ì bá fáìlì kan pàdé rí, tí ó ní kí ó parẹ́, tí fáìlì náà sì yarí mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó ti ń pàṣẹ ni kọ̀ǹpútà ń dá a lóhùn pé ẹlòmíràn ń lo fáìlì náà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun nìkan ṣoṣo ló jókòó sínú yàrá. Àwọn kan a máa pe èyí ní àrùn, àwọn mìíràn a ní kọ̀ǹpútà ti gbó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá: ìpinnu tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó fojú kan kọ̀ǹpútà ni a ń bá pàdé lónìí, ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ìpinnu náà ti wá.

Ìdílé kìíní ni ti Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, abẹ́rẹ́ kékeré tí kì í ṣe mímì fún adìẹ, èyí tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1969 ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Nínú Unix, ọ̀tọ̀ ni orúkọ fáìlì, ọ̀tọ̀ ni ara rẹ̀: inú fódà ni orúkọ ń gbé, ara wà lórí dísíìkì, kọ̀ǹpútà a sì máa ka iye orúkọ tó ń tọ́ka sí ara kan. Ẹni tó bá pàṣẹ pé kí fáìlì parẹ́, orúkọ ló yọ. Bí ètò kan bá ṣì ṣí fáìlì náà sílẹ̀, yóò máa lò ó lọ ní tirẹ̀ títí yóò fi tì í, ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà yóò tó gba àyè rẹ̀ padà. Nítorí náà fáìlì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣagídí níbẹ̀, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀: alábòójútó lè pa fáìlì ńlá kan rẹ́ kí dísíìkì má baà kún, kí fáìlì náà kúrò lójú, kí dísíìkì sì kún síbẹ̀, nítorí pé ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kò tí ì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ìdílé kejì ni ti MS-DOS, ètò ìdarí mìíràn, tí ó jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà IBM ní 1981, tí ó sì jogún ọ̀pọ̀ ìwà CP/M, ètò ìdarí tó ṣáájú rẹ̀, tí Gary Kildall ṣẹ̀dá ní 1974. Nínú DOS, bí a bá pa ILE.TXT rẹ́, kọ̀ǹpútà a fi àmì kan bo lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè rẹ̀ ti ṣófo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ digbí títí fáìlì mìíràn yóò fi wá gba àyè náà. Peter Norton rí èyí, ó sì fi ètò rẹ̀ tí ń jẹ́ UnErase gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ẹkún ní 1982. Nígbà tí Microsoft náà fi àṣẹ UNDELETE sínú MS-DOS 5 ní 1991, ?LE.TXT ni àṣẹ náà yóò kọ́kọ́ fi han ẹni tó fẹ́ gba fáìlì rẹ̀ padà, yóò sì béèrè lẹ́tà tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò lè dá mọ̀ bóyá ILE ni tàbí OLE.

Inú DOS yìí kan náà ni èèwọ̀ orúkọ, ìyẹn àwọn orúkọ tí fáìlì kò gbọdọ̀ jẹ́, ti wá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò ní fódà rárá, wọ́n sì ya àwọn orúkọ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, PRN fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, CON fún ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àti ibi tí a ti ń rí i, AUX àti NUL pẹ̀lú; nígbà tí fódà sì dé pẹ̀lú DOS 2.0 ní 1983, wọ́n fi èèwọ̀ náà sílẹ̀ nínú gbogbo fódà kí àwọn ètò àtijọ́ má baà bàjẹ́, Windows sì jogún rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí fáìlì tí ń jẹ́ aux, tó bá ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé láti orí kọ̀ǹpútà Unix, fi lè jókòó sínú fódà kí Windows má lè fọwọ́ kàn án: bí a bá ní kí ó pa á rẹ́, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ni yóò máa wá, kì í ṣe fáìlì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa kọ \\?\ síwájú ọ̀nà tó lọ sí ọ̀dọ̀ fáìlì náà, èyí tó ń sọ fún Windows pé kí ó mú orúkọ bí ó ti bá a, kí ó má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Ní 1993 ni Microsoft gbé Windows NT jáde, lábẹ́ Dave Cutler tó ti kọ́kọ́ ṣe ètò ìdarí VMS ní ilé-iṣẹ́ Digital. Òfin NT le: ètò tó bá ṣí fáìlì ni yóò sọ ohun tó gbà kí àwọn ẹlòmíràn ṣe sí i, ìbáà ṣe kíkà, ìbáà ṣe kíkọ, ìbáà ṣe pípa rẹ́; bí kò bá yọ̀ǹda pípa rẹ́, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́ títí òun yóò fi tì í, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í gbé àwo kúrò níwájú ẹni tó ń jẹun. Òfin tó dára ni lójú mi, nítorí ó ti gba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìparun. Ibi tó kù sí ni pé ọ̀pọ̀ ètò kì í ṣe ìyọ̀ǹda kẹta yìí, àwọn ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì a sì máa ṣí fáìlì wò láìsọ fún olóhun. Kódà Explorer tí a fi ń wo inú fódà a máa di Thumbs.db, fáìlì tó ń kó àwòrán kéékèèké pamọ́ sí, mú nínú fódà tí a ní kó bá wa pa rẹ́. Ọgbọ́n ká fẹran sẹ́nu ká wá a tì nìyẹn. Fún èyí tí kò ṣeé já gbà, Windows a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí a bá sì tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ètò tó ń dì í mú tó dìde, yóò ti pa á rẹ́; ìdí nìyí tí a fi máa ń gbọ́ pé ká tún kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn tí a bá yọ ètò kan kúrò.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé fún ọdún gbọọrọ, kọ̀ǹpútà ń sọ pé ẹnìkan mú fáìlì lọ́wọ́, kò sì dárúkọ onítọ̀hún. Mark Russinovich, a-tú-ẹ̀rọ-dé-gbòǹgbò, àti Bryce Cogswell ẹnìkejì rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Láti 1996 ni wọ́n ti ń pín irinṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ orúkọ tó wá di Sysinternals. Ẹni tó bá ṣí Process Explorer wọn, tó tẹ orúkọ fáìlì síbi ìwákiri, yóò rí orúkọ ètò tó dì í mú kedere. Russinovich yìí náà ló kéde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2005 pé àwọn àwo orin kan tí ilé-iṣẹ́ orin Sony BMG ń tà a máa fi ètò kan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà olùgbọ́, tí ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$ á sì di àwátì lójú Windows. Ẹni tó bá fi agbára yọ ètò náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní rí ẹ̀rọ tí ń ka àwo mọ́. Àgídí NT, ààbò ni. Ti àwo orin wọ̀nyí, ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ bí ariwo ṣe ta, tí ẹjọ́ dé kóòtù, tí wọ́n sì kó àwọn àwo náà kúrò lọ́jà.

Ní 2006 ni Microsoft ra ilé-iṣẹ́ Russinovich àti Cogswell. Nígbà tó di ayé Windows 10, ìdílé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwà ìdílé kìíní: bí ẹni tó di fáìlì mú bá ti yọ̀ǹda, orúkọ fáìlì lè kúrò nínú fódà lójú ẹsẹ̀, kí ẹni náà sì máa lo ara rẹ̀ títí yóò fi ṣetán. Ní 2022, Microsoft fi File Locksmith kún àwọn irinṣẹ́ PowerToys rẹ̀; a ó yan fáìlì alágídí náà, yóò sì to orúkọ gbogbo ètò tó dì í mú sílẹ̀ lójú wa, kí a lè dá èyí tó bá wù wá dúró.