Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Bengal àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Àwọn baba wa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀ Bengal fi hàn wá pé omi tí ó mọ́ gaara lójú, tí kò rùn, tí kò sì korò lẹ́nu, lè di ọ̀tá fún ẹni tí ń mu ún. Ìtàn náà ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí gbogbo ẹni tí ń pọn omi kànga ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Odò ńlá méjì, Ganges àti Brahmaputra, ni ó ti ń gbé ẹrẹ̀ wá láti òkè Himalaya láti ayébáyé, tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ létí òkun. Orí ẹrẹ̀ yìí ni Bangladesh wà, àti West Bengal ti ilẹ̀ Íńdíà. Omi odò àti omi adágún ni àwọn ará oko ibẹ̀ ń mu nígbà àtijọ́, àrùn onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa àwọn ọmọ wọn. Nítorí èyí ni ìjọba àti àjọ UNICEF ṣe mú kànga onípọ́ǹpù wá fún wọn ní àwọn ọdún 1970: a óò ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ilẹ̀, a óò sì fi ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ fà sí orí rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn ènìyàn fi owó ara wọn gbẹ́ tiwọn pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, ó ju 90 lọ nínú 100 àwọn ará oko Bangladesh tí ń mu omi kànga.

Ní 1983, K. C. Saha, oníṣègùn awọ ara ní Calcutta, rí i pé àwọn aláìsàn kan láti West Bengal, tí àmì dúdú bo ara wọn, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sì le bí èèpo igi, ti jẹ májèlé tí à ń pè ní àsẹ́níìkì, àti pé láti inú omi kànga ni ó ti wá. Ní 1993 a rí i ní Bangladesh pẹ̀lú. Májèlé yìí a máa fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn aládùúgbò rò pé àrùn tí ń ràn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò rí ọkọ fẹ́, a sì lé àwọn ìyàwó mìíràn padà sí ilé bàbá wọn.

Kí ni ó fa èyí? Kì í ṣe ọ̀tá kan ni ó da májèlé sínú kànga. Inú ẹrẹ̀ náà gan-an ni àsẹ́níìkì wà, ó lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin tí ó bo hóró iyanrìn. Níbi tí ewé àti koríko bá ti rà nínú ẹrẹ̀ tí kò tí ì pẹ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ á tán nínú omi ibẹ̀, ìpẹtà náà á yọ́, á sì jọ̀wọ́ májèlé ọwọ́ rẹ̀ sínú omi. Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn àtijọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ jìnnà, omi a máa dára níbi púpọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìrí ilẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í ṣọ́ omi. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ti yẹ omi àwọn kànga kan wò ní Bangladesh, ṣùgbọ́n wọn kò wá àsẹ́níìkì níbẹ̀. Ará abúlé kan pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2006 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, ohun tí a kò bá wá, a kì í sábà rí i. Ní 1998 àti 1999 a yẹ kànga 3,534 wò: nínú 100 kànga tí kò jìn tó mítà 150, 27 ni àsẹ́níìkì inú wọn ju ìwọ̀n tí òfin ilẹ̀ náà gbà láyè lọ, nínú 100 èyí tí ó jìn, bí ẹyọ kan péré ni. Nítorí pé kànga ẹnìkan lè dára kí ti aládùúgbò rẹ̀ sì burú, kò sí ohun tí a lè ṣe ju pé kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín 2000 sí 2003, a yẹ bíi mílíọ̀nù 5 wò, a kun ẹnu èyí tí ó burú ní ọ̀dà pupa, èyí tí ó dára ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ó gba ọ̀dà pupa. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá rí ìyàtọ̀, ẹlòmíràn sì ń rìn lọ sí ilé aládùúgbò láti pọn omi. Àwọn onímọ̀ sì ń kìlọ̀ pé kí a fi omi ìsàlẹ̀ jíjìn pamọ́ fún mímu, kí a má fà á fún oko ìrẹsì, kí omi búburú òkè má baà tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Orí àpáta ni Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn wà. Inú àpáta tí ó ti jẹrà àti inú sísán rẹ̀ ni omi wà, nítorí náà ni kànga kan fi ń gbẹ tí èkejì kò gbẹ. Orí iyanrìn ni Èkó wà, bí a bá sì fa omi rẹ̀ jù, omi iyọ̀ a máa wọlé láti òkun. Kí olúkúlùkù ìlú kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ó tẹ̀. Kí a má gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Kí a má sì gba ẹ̀rí ojú nìkan gbọ́ nípa omi. Àwọn ará Bengal ti san owó ẹ̀kọ́ yìí fún wa, owó náà sì wọ́n púpọ̀.