Àwọn Aláìnílé Tó Rìn Jìnnà Láti Kọ́ Ọgbọ́n

Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko palẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò rílé gbé mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jockin Arputham, tí òun náà ti gbé láàárín àwọn mẹ̀kúnnù Bombay (Mumbai òde òní), lọ sí Gúúsù Áfíríkà láti bá àwọn aláìnílé ibẹ̀ fikùnlukùn. Àwọn náà bẹ Íńdíà wò lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Mahila Milan: kí wọ́n máa dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fúnra wọn ka iye ènìyàn àdúgbò wọn. Èkíní kò ṣàjèjì sí Yorùbá tó mọ àjọ àti èsúsú. Èkejì ló jinlẹ̀ jù, nítorí àdúgbò tí a kò kà ni ó rọrùn láti sọ pé kò sí.

Ní 1996, wọ́n dá Slum Dwellers International sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn mẹ̀kúnnù Èkó náà dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí a lé nǹkan bí 30,000 ará Otodo-Gbame lòdì sí òfin. Ìdájọ́ nìkan kì í kọ́ ilé padà. Síbẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo, Kwara pẹ̀lú, ka àwọn ènìyàn kí katakata tó dé ẹnu ọ̀nà wọn.