Yíyọ ffmpeg Kúrò Kì í Ṣe Yíyọ Láíbìrì Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Ubuntu ló gbà pé bí wọ́n bá ti tẹ sudo apt remove ffmpeg sínú tẹ́mínà, tí wọ́n sì dáhùn Y, gbogbo FFmpeg ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ díẹ̀ ni àṣẹ yẹn ń yọ: ffmpeg tó ń yí fídíò padà láti irú kan sí òmíràn, ffprobe tó ń yẹ fáìlì wò, àti ffplay tó ń gbé e jáde. Láíbìrì gan-an, èyí tó mọ bí a ṣe ń tú àwòrán àti ohùn, wà lọ́tọ̀: libavcodec, libavformat, libavutil àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ FFmpeg ní ọdún 2000. Àwọn tó ń ṣètò Debian àti Ubuntu ló pín in báyìí, ó sì nídìí. VLC, Kdenlive àti OBS, bí a bá gbà wọ́n láti ọwọ́ apt, láíbìrì kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ẹ wo aláró mẹ́ta tó ń pín ìkòkò aró kan lò ní Ìtòkú: bí ọ̀kan bá kó aṣọ tirẹ̀ lọ sílé, ta ni yóò torí ẹ̀ da aró nù?

Nítorí náà, bí ẹni tó ń gé fídíò Ọdún Lísàbí ní Pánṣẹ́kẹ́ bá yọ ffmpeg torí pé ààyè ti ń tán lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀, ààyè tó máa rí gbà kò ní tó nǹkan. Ohun tí inú bíbí máa ń fà tẹ̀lé e ló burú jù: kéèyàn wọ inú /usr/lib, kó fi rm pa libavcodec rẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ apt, láíbìrì náà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ VLC ò ní lè tú ọ̀pọ̀ fídíò mọ́. Lórí Ubuntu 22.04, sudo apt install --reinstall libavcodec58 ni yóò dá a padà, lórí 24.04, libavcodec60 ni. Dátà yóò sì tún lọ sí i.

Lẹ́yìn remove, sudo apt autoremove ló yẹ kó tẹ̀lé e. Láíbìrì tí ètò mìíràn ṣì nílò, kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní purge ló máa fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Irọ́ ni, fáìlì ìṣètò nìkan ni purge fi kún iṣẹ́ remove. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí yóò bá láíbìrì náà lọ, ẹ tẹ apt-get -s remove libavcodec58. Àfarawé lásán ni -s, kò ní yọ nǹkan kan.

Ẹni tó fi make install kọ́ FFmpeg fúnra rẹ̀ ńkọ́? Inú /usr/local ni tirẹ̀ wà, apt ò sì mọ̀ ọ́n rí. Inú fódà tí wọ́n ti kọ́ ọ ni wọ́n ti máa tẹ sudo make uninstall, kí sudo ldconfig wá tẹ̀lé e. Ẹ má tètè pa fódà yẹn rẹ́. Bí ffmpeg bá ṣì ń dáhùn lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ which -a ffmpeg kí ẹ tó dá apt lẹ́bi.