Ẹni Tó Ń La Ọ̀nà: Lẹ́tà Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń rí i. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ìwé kíkọ rí. Mo mọ àwọn tó ń kọ Yorùbá lónìí tó jẹ́ pé inú fóònù ni iṣẹ́ wọn ń sùn. Wọ́n á ní, "Mi ò tíì fi àmì ohùn sí i tán," tàbí "Ẹ jẹ́ kó dáa dáadáa ná." Ọdún á gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò ní kà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Láàárín 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Elétí-Ọfẹ jáde ní 1923. Ní Ìbàdàn, D. A. Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Inú rẹ̀ ló ti ń tẹ ewì rẹ̀ kó tó kó wọn jọ sínú ìwé ní 1927. Nígbà tó di 1928, Isaac B. Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Keje 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló kọ ọ́ sí olóòtú. Ó ní òun ti jayé orí òun, ọkọ tí òun fẹ́ ò níye, àmọ́ àìsàn ti wá dá òun dùbúlẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọge fi ayé òun kọ́gbọ́n. Lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà, títí ó fi pé 30 ní oṣù Kẹta 1930. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń rántí orin tí wọ́n ń kọ nígbà èwe rẹ̀. Ta ni ò ní gbà á gbọ́?

Àṣé kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kọ ọ́.

Àwọn òǹkàwé náà ò dákẹ́. Wọ́n mú gègé, wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn. Àwọn kan ń káàánú rẹ̀, àwọn kan ń wá ẹni tó lè jẹ́. A tilẹ̀ rí ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Thomas sì ń tẹ lẹ́tà wọn sínú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ẹ ronú sí i wò. Kí ìtàn tó parí ni òǹkọ̀wé yìí ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kà á. Ẹni tó bá kọ tirẹ̀ tán pátá kó tó fi hàn èèyàn, bí ibì kan bá wọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ti Thomas yàtọ̀. Ó lè rí ibi tó dun àwọn èèyàn wọra, kó sì mọ èyí tí yóò tẹ̀ síwájú. Ará Èkó ló ń kọ̀wé sí. Bó bá ṣi àdúgbò kan pe, wọ́n á mú un. Èyí tó bá sì ti jáde kò ṣeé fà padà. Lẹ́tà tó kàn gbọ́dọ̀ bá ti àná mu. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló le jùyẹn lọ?

Òótọ́ ni pé ohùn òǹkàwé lè ṣini lọ́nà. Ẹni tó bá ń kọ kìkì ohun tí ọjà ń fẹ́ á sọ ohùn tirẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n Thomas ti mọ ohun tó fẹ́ kọ́ aráyé látìbẹ̀rẹ̀. Ká gbọ́ tẹnu òǹkàwé yàtọ̀ sí ká fi ìjánu lé wọn lọ́wọ́.

Ní 1930, wọ́n di lẹ́tà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra, ó di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún 8 ṣáájú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ.

Àkọtọ́ ìgbà náà kọ́ là ń lò lónìí. "Aiye" ni wọ́n ń kọ, "enia" ni wọ́n ń kọ, àmì ohùn ò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Bí Thomas bá ní kí gbogbo rẹ̀ pé kóun tó tẹ̀ ẹ́, Sẹ̀gilọlá ì bá kú sínú àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ nínú fóònù, ẹ mú un jáde. Kò dìgbà tó bá gún régé. Àwa tá à ń bọ̀ lẹ́yìn á sọ ibi tó wọ́ fún yín.