Ẹ̀bùrú Inú Ọpọlọ: Bí A Ṣe Rí I Láìfi Ọ̀bẹ Kàn Án

Ẹ fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín. Ohun tó ń lù kìkì níbẹ̀ ni carotid, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọ̀rá bá dí i, rọpárọsẹ̀ lè dé. Àmọ́ ẹlòmíràn wà tí tiẹ̀ dí pátápátá, tó sì ń rìn káàkiri. Kí ló fà á?

Thomas Willis, dókítà kan ní Oxford, dáhùn nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1664. Ó ṣí agbárí ọkùnrin kan tí àìsàn inú pa. Carotid ọ̀tún rẹ̀ ti le bí òkúta, ihò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, síbẹ̀ rọpárọsẹ̀ kọ́ ló pa á. Iṣan tó gba ẹ̀yìn ọrùn gòkè lápá ọ̀tún náà ti fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì rẹ̀. Willis tún fa omi aláwọ̀ sínú carotid òkú kan, ó sì rí i tó yọ lódì kejì. Àwọn iṣan náà so kọ́ra bí òrùka nísàlẹ̀ ọpọlọ. Bí wọ́n bá ti títì, ẹ̀jẹ̀ á gba ẹ̀bùrú, bíi dánfó. (Christopher Wren, ẹni tó wá ya àwòrán kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní London, ló ya púpọ̀ nínú àwòrán ìwé náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.)

Ṣùgbọ́n òkú ni Willis ń wò. Ó di 1927, ní Lisbon, kí Egas Moniz tó la ọrùn alààyè, tó fa oògùn sínú carotid kí X-ray lè fi iṣan ọpọlọ hàn. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ rẹ̀ kú. Lójú tèmi, owó ẹ̀kọ́ yẹn wọ́n jù.

Lọ́dún 1982, Rune Aaslid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gba ẹ̀bátí wọlé, níbi tí egungun ti fẹ́lẹ́. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ. Bí carotid bá dí, ẹ̀rọ náà lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ inú iṣan kan níwájú ọpọlọ ti ń sàn lódìlódì. Ẹ̀bùrú ti ṣí nìyẹn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, John Detre àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi òòfà MRI sàmì sí omi inú ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn eku, kó tó dé ọpọlọ. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni àmì náà ń lò kó tó parẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le: ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀bùrú máa ń pẹ́ dé. Bí ẹ̀rọ bá yára ya àwòrán, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ á dà bí ibi tí kò dé rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ya á léraléra, ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ewu ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ́ dé àti tẹni tí tiẹ̀ kò dé kò dọ́gba, dókítà sì ní láti mọ èwo ni aláìsàn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.