Ta Ní Ń Sanwó Ìwádìí Jàǹbá Ọkọ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview kan gbéra ní Èkó, ó forí lé Àbújá, kò débẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìròyìn gba ìgboro pé wọ́n ti rí àfọ́kù rẹ̀ nítòsí Kìṣí, ní Òkè-Ògùn wa níbí, àti pé àwọn kan yè é. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó, ló já sí. Kò sẹ́ni tó yè nínú àwọn 117 tó wà nínú rẹ̀.

Lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ni àwọn olùwádìí wà nígbà náà. Òfin ọdún 2006 ló sọ AIB, ẹ̀ka tó ń wádìí jàǹbá bàálù, di àjọ tó dá dúró, tó sì fi ibi tí owó yóò ti máa wá hàn. Ìdá 5 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù jẹ́ tàwọn àjọ òfurufú; lábẹ́ òfin 2006 yẹn, AIB máa ń gba ìdá 3 nínú 100 owó náà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦100,000 nígbà náà, wọ́n á yọ ₦5,000, ₦150 péré ló máa ń kan ìwádìí.

Iṣẹ́ náà sì wọ́n. Nígbà tí bàálù Dana já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgá lọ́dún 2012, Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé àpótí dúdú rẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè kà á. Ní ti Bellview, àbọ̀ ìwádìí ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dájú nípa ohun tó fà á. Owó ìwádìí kì í ṣe owó ọjà: èèyàn lè ná an tán kó má rí nǹkan kan gbé délé.

Lọ́dún 2022, òfin tuntun sọ AIB di NSIB, ó fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní oṣù Kẹta, 2023, àwọn ni wọ́n ṣèwádìí.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ni àwa ń wọ̀ ní Ṣakí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tètè jí sí ọ̀rọ̀ títì: ọdún 1977 ni ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 1988. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ń kó ẹni tó fara pa, wọ́n ń kọ iye òkú sílẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dojú dé láàárín Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ọlọ́pàá á kọ̀wé, VIO, àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìjọba, á yẹ bíréèkì wò. Ọkọ̀ tó máa wọ́ àfọ́kù kúrò lójú títì, onímọ́tò ni yóò wá owó rẹ̀.