Ẹyẹ Irin Tó Fẹ̀yìntì: Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ìtàn Rẹ̀?

Àwa tí à ń gbé Sango-Ọ̀tà, ariwo kì í ṣe àlejò létí wa. Ọkọ̀ àjàgbé ń fun fèrè láti Toll Gate títí wọ ọ̀nà Ìdíìrókò, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ń dún tọ̀sán-tòru, bàálù tó ń lọ, tó ń bọ̀ ní Ìkejà sì máa ń kọjá lójú ọ̀run wa. Àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí i. Àwa àgbà kì í tilẹ̀ gbójú sókè mọ́, àfi bí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀.

Ìdí wà tí etí wa fi ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Bellview tó gbéra ní Ìkejà, tó ń lọ sí Àbújá, já sí abúlé Lísà, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Ìròyìn tilẹ̀ kọ́kọ́ gbé e pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló já sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ti Dana já sí Ìjú-Ìṣàgá. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn kan sì kú nínú ilé wọn láì wọ bàálù rárá.

Ohùn kejì tí a mọ̀ dáadáa ni ti ọmọlanke. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tì í ń ra irin àlòkù, páànù tó ti dógùn-ún, wáyà, ìkòkò tó ti lu. Ohun tí wọ́n bá rà á gun orí ìwọ̀n, láti orí ìwọ̀n á wọ iná iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Ní agbègbè wa yìí, irin kì í kú, ṣe ló ń tún ayé wá.

Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa lónìí wà láàárín ohùn méjèèjì yìí. Nígbà tí bàálù ológun bá darúgbó, tí kò lè fò mọ́, ibo ló yẹ kó lọ? Ṣé orí ìwọ̀n ni, àbí ibòmíràn wà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bàálù tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ti ológun ni. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ló wà á wá láti Íjíbítì, wọ́n sì balẹ̀ sí Kánò ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1925. Síbẹ̀, nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, a ní ọmọ ogun orí ilẹ̀, a ní ti ojú omi, a ò ní ti òfurufú. Ìjọba wá kó àwọn ọ̀dọ́ kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Etiópíà ní 1962, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí Kánádà ní 1963. Òfin tó dá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú sílẹ̀ jáde ní 1964. Àwọn ará Jámánì ló bá wa gbé e dìde, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Kahtz ló sì kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ibẹ̀. George Kurubo ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà.

Bàálù kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ní nígbà yẹn. Ogun abẹ́lé ló yí gbogbo rẹ̀ padà ní 1967. Àwọn ará Jámánì kó ẹrù wọn, MiG-17 dé láti Rọ́ṣíà, L-29 dé láti Czechoslovakia, àwọn àjèjì ló sì wa ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí pé awakọ̀ tiwa ò tíì pọ̀ tó. Ní apá Biafra, Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden, kó bàálù ìkọ́ṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní MFI-9B wá, wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn níyẹ̀ẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ni wọ́n fi kọ lu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Bàálù tí kò ju ọkọ̀ danfo lọ ló ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Lọ́dún yẹn kan náà ni a pàdánù Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó. Òun ni olórí ọmọ ogun òfurufú láti 1967. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, òun nìkan ló wà nínú L-29 tó ń wà, bàálù náà sì já ní Uzebba, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí. Ọ̀gá pátápátá ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 35. Mélòó nínú wa ló gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí níléèwé?

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, a ra ńláńlá. MiG-21 dé ní 1975. Alpha Jet dé láti Jámánì, MB-339 dé láti Ítálì. Ní 1984, Jaguar 18 bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ìjà olówó ńlá. Ọdún méje péré ni wọ́n fò. Ní 1991, owó àtitọ́jú wọn ò sí mọ́, wọ́n bá dá wọn dúró sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àyọ́kẹ́lẹ́ tí agbára rẹ̀ ò ká páàtì rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí yé e. Rírà kọ́ ni iṣẹ́, bíbọ́ ni.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Èjìgbò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992 ni. Bàálù akẹ́rù C-130 ti ológun gbéra ní Ìkejà, ìṣẹ́jú mélòó kan ló lò lókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì já sínú ẹrọ̀fọ̀ kànáàlì Èjìgbò. Àwọn tó kú lé ní 150. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ológun tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀kọ́ wọn lọ ní Jàjí. Àwọn tó yẹ kó di ọ̀gágun lẹ́yìn ọ̀la ló lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bi àwọn òbí yín tó wà ní Èkó nígbà yẹn, wọn ò ní gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wá yà sọ́dọ̀ eré òfurufú, torí ibẹ̀ ni ayọ̀ àti ewu ti ń jókòó sórí àga kan. Bí ọjọ́ òmìnira bá dé, tí bàálù ológun ń fi èéfín aláwọ̀ ewé àti funfun fa ìlà sójú ọ̀run, ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Àmọ́ kí ẹ tó rí i lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dánra wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ń dánra wò fún ọdún kejìdínlọ́gọ́ta òmìnira wa, bàálù ìjà F-7Ni méjì kọ lu ara wọn lókè Katampe ní Àbújá. Awakọ̀ kan kú. Ogun kọ́ ló pa á, ìmúrasílẹ̀ ayẹyẹ ni.

Kí ló dé tí eré yìí fi léwu ju ìrìn àjò lásán lọ? Ẹ wò ó báyìí: gíga ni owó àpò awakọ̀ òfurufú. Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ nígbà tó wà lókè réré, ó láyè láti ronú, láti wá ibi balẹ̀. Ẹni tó ń fò nítòsí ilẹ̀ kí èrò lè rí i dáadáa ti ná owó yẹn tán kí wàhálà tó dé.

Àwọn ìlú ńlá ti fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Farnborough, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1952, bàálù kan túká lójú ọ̀run, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ́ sáàárín èrò. Àwọn tó wá wòran tó kú jẹ́ 29, yàtọ̀ sí awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀. Ní Ramstein, Jámánì, ní 1988, bàálù mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ eléré Ítálì kọ lu ara wọn, ọ̀kan já sáàárín èrò, èèyàn 70 ló bá a lọ. MB-339 ni wọ́n ń wà, irú èyí tí Nàìjíríà náà rà. Ní Sknyliv, Ukraine, ní 2002, èèyàn 77 ló kú.

Ti Shoreham ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, Hawker Hunter kan, bàálù ìjà àtijọ́ tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ń ṣeré níbẹ̀. Awakọ̀ fẹ́ fi bàálù yí òbírí kan: á gòkè, á dojú délẹ̀ lókè, á sì sọ̀ kalẹ̀ pé ó ti pé. Irú eré yìí ò ṣeé ṣe bí bàálù ò bá ga tó kó tó dojú délẹ̀. Ó yẹ kó ga dé 3,500 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán. Nǹkan bí 2,700 ló dé. Àyè ò tó láti tún gbórí sókè, bàálù náà sì já sójú títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ń kọjá. Ọkùnrin 11 ló kú. Awakọ̀ yè. Àwọn míì nínú àwọn tó kú ò tilẹ̀ wá wòran, ọ̀nà wọn ni wọ́n ń bá lọ.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣòfin. Èrò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìlà tí bàálù ń gbà. Bàálù ò gbọdọ̀ kọjú sí èrò. Gíga kan wà tí awakọ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀ kọjá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tó láṣẹ láti sọ pé "Ó tó, balẹ̀." Awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí fún eré náà gan-an, yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí wíwa bàálù. Fún àwa tí ilé wa fara mọ́ ara wọn bí èso àgbàdo láti Agége dé Sango, ọ̀rọ̀ jíjìnnà sí èrò yìí kọjá ọ̀rọ̀ ìwé.

Ó dáa, bí fífò bàálù arúgbó bá léwu báyìí, ṣé ká kúkú tà á fún àwọn ọlọ́mọlanke? Ẹ fara balẹ̀. Bàálù ìjà tó ti kú ṣì lè pa èèyàn. Ìjókòó awakọ̀ ní ẹ̀tù nínú, tó máa ń ta á síta bí ewu bá dé. Ọmọkùnrin tó bá fi iná gáàsì gé e láìmọ̀, ó ti tán nìyẹn. Aago àtijọ́ inú rẹ̀ míì ní ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn, tí wọ́n fi radium ṣe, kò sì dára fún ara. Àwọn páàtì kan jẹ́ magnesium, tó jẹ́ pé bó bá gbiná, omi ò lè pa á, ṣe ló máa ń le sí i. Ọ̀tà mọ iṣẹ́ irin, a ò jiyàn, àmọ́ irú irin yìí ń fẹ́ onímọ̀ tó máa kọ́kọ́ yọ ìbínú rẹ̀ kúrò.

Ọ̀nà kẹta wà láàárín fífò àti yíyọ́: kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ká máa wò ó. Nàìjíríà ti ṣe é rí. Ní Umuahia, mùsíọ́mù ogun tí wọ́n ṣí ní 1985 ní àwọn bàálù àti ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ ojú omi NNS Bonny náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ́nù lè lọ sí Hendon, níbi tí mùsíọ́mù ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1972, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Jíjókòó yìí náà ń gbówó o. Wọ́n á fa epo inú rẹ̀ tán, wọ́n á yọ ẹ̀tù, wọ́n á dí gbogbo ihò kí ẹyẹ má baà tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Òjò wa àti ooru wa ń jẹ irin, nítorí náà, wọ́n á máa fọ̀ ọ́, wọ́n á máa kùn ún. Bí wọ́n bá gbé e sórí òpó ní ẹnu ọ̀nà bárékè, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀, ọdún díẹ̀ ni yóò fi di páànù. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ ni àkọlé: bàálù wo rèé, ọdún wo ló dé, ta ló wà á, kí ló ṣe, ta ló kú nínú irú rẹ̀? Bàálù tí kò ní àkọlé, ibi ìyàwòrán lásán ni.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìjọba nìkan rèé. Wọ́n ṣe ibi ìrántí sí Lísà fún àwọn tó kú ní 2005. Mélòó nínú àwa tí à ń gbé Ọ̀tà ló ti débẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò yín bá ti ṣe mẹkáníìkì bàálù ológun rí, ní Ìkejà, ní Kàdúná tàbí ní Mákúrdí, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ gbà ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè bí Jaguar ṣe ń dún. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n sọ pé kò ní fò mọ́. Ìwọ̀n àwọn ọlọ́mọlanke lè sọ iye kílò tí bàálù kan wọ̀n. Àwọn tó mọ ìyókù ti ń dàgbà, wọn ò sì ní dúró dè wá.